Mọ́tò Bàámi tó ń ṣe dákú-dájí: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò láti Ìbàdàn dé Adó-Èkìtì

Ọjọ́rú, alẹ́ ku ọ̀la

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ gbé lọ kì í ṣe tèmi. Ti Bàámi ni: Peugeot 504 ẹlẹ́yìn gígùn, èyí tí ìjókòó mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Ọdún 1986 ni wọ́n tò ó ní Kàdúná. Bàámi ti lọ láti ọdún mẹ́fà, síbẹ̀ "mọ́tò Bàbá" là ń pè é nílé títí dòní. Kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló ń lò, kò sí kọ̀ǹpútà lára rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn kó lè ka àìsàn ọkọ̀ fún wọn, wọn ò ní rí ihò tí wọ́n máa kì í bọ̀ lára eléyìí.

Àìsàn rẹ̀ rèé. Nínú ìgboro Ìbàdàn, láti Mọ́kọ́lá dé Bódìjà, ara rẹ̀ le koko. Àmọ́ tó bá ti bọ́ sójú ọ̀nà tó jìn, tó sáré fún bí ogójì ìṣẹ́jú, á kàn rẹ̀ ẹ́. Èèyàn á tẹ iná mọ́lẹ̀ títí, kò ní fà. Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, eré á wálẹ̀ sí 30, á kú. Tá a bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tá a tún yí kọ́kọ́rọ́, á jí, á sì máa lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Iná NEPA gan-an ló fi jọ.

Ó ti tó oṣù méjì tí mẹkáníìkì wa ti ń wá ìdí rẹ̀. Ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó pààrọ̀ fítà epo, ó tú pọ́ǹpù, ó fi rọ́bà tuntun sí inú rẹ̀. Mi ò bá a wí o. Ọkọ̀ yìí dà bí ọmọ tí ibà ń ṣe lóru, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà báyìí, bọ́ọ̀lù ló máa ń béèrè. Kò kú níṣojú mẹkáníìkì rí.

Ẹ̀gbọ́n Màámi pé ọgọ́rin ọdún, àríyá sì ń bẹ ní Adó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyàwó mi ní ká gbé ọkọ̀ tòun. Màámi ní mọ́tò ọkọ òun lòun máa gbé lọ síbi ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n òun, ọ̀rọ̀ parí. Èmi náà wá pinnu pé tó bá máa kú, kó kú lójú mi, níbi tí sípánà wà. Mo di sípánà 10, 11 àti 13, pulọ́ọ̀gì kan tó ṣì dára, rọ́bà epo mítà méjì, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó mọ́, ẹ̀rọ panápaná kékeré kan, àti ìwé kékeré tí mo máa kọ aago àti ipò epo sí nígbàkígbà tó bá dákú.

Ọjọ́bọ̀: Ìbàdàn sí Ifẹ̀

Aago 9:05 la kúrò ní Ìwó Road. Àbúrò mi ọkùnrin jókòó níwájú, Màámi ní ìjókòó àárín pẹ̀lú gèlè wọn nínú páálí. Epo kún táǹkì dé ìdajì. A kọjá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjirẹ́, ọkọ̀ ń lọ ní 90, ohùn ẹ́ńjìnnì dùn.

Aago 9:51, ó kù díẹ̀ ká dé Ìkirè, mo gbọ́ ohùn Màámi lẹ́yìn kí n tó mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀: "Àkànní, ó tún ti dé o."

Òótọ́ ni. Mo rọra yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì kú sí iwájú àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè, bí ẹni pé àdéhùn wà láàárín wọn. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ní kí àbúrò mi gbé sípánà wá. Ó wà lábẹ́ ẹrù. Abẹ́ ẹrù wo? Abẹ́ àpò aṣọ ẹbí, abẹ́ kúlà, abẹ́ apẹ̀rẹ̀ àmàlà gbígbẹ tí Màámi ń gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n wọn. Nígbà tá a máa rí i, Màámi ti ra dòdò, wọ́n ti ná an, wọ́n ti gba èènì. Àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́ láti fi dán an wò. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo dúró níwájú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú sípánà 11 lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ni: "9:51. Kò sí àyẹ̀wò. Irinṣẹ́ wà lábẹ́ àmàlà."

Ó tún kú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn Gbọ̀ngán, a sì fà á dé Ifẹ̀ ní ọ̀sán. Mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà gbọ́ ẹjọ́ wa tán, ó fọwọ́ kan kọ́ìlì, èyí tó ń rán iná sí pulọ́ọ̀gì, ó yára fa ọwọ́ kúrò. "Ọ̀gá, kọ́ìlì yín ti lọ. Ẹ wò ó bó ṣe ń jóni." Àlàyé rẹ̀ mọ́gbọ́n wá: kọ́ìlì tó bá ti ń darúgbó, tó bá gbóná, iná rẹ̀ á rẹ̀, tó bá tutù, á tún padà. Ó bá àìsàn wa mu. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì wo ni kì í gbóná lẹ́yìn wákàtí kan lórí eré? Mo mọ ìbéèrè yìí nínú ọkàn mi, mi ò béèrè, torí ó ti rẹ̀ mí. Ó fi kọ́ìlì tokunbọ̀ síbẹ̀, a wa ọkọ̀ yí Ifẹ̀ ká fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò kú. Mo sanwó. Mo ju kọ́ìlì àtijọ́ sínú búùtù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tán nìyẹn," àbúrò mi wí. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan la sùn.

Ọjọ́ Ẹtì: Ifẹ̀ sí Ẹ̀fọ̀n

Lónìí, irinṣẹ́ wà lórí itan àbúrò mi. Ifẹ̀ sí Iléṣà, wẹ́rẹ́. A yà ní Ìwàràjà, a kọjá Ẹ̀rìnmọ̀, òkè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe òkè tí ọkọ̀ ń fi ẹ̀tàn gùn. Gíà kẹta, iná mọ́lẹ̀ pátá, ni mo bá gbọ́ ìkọ́ àkọ́kọ́. Gíà kejì. Ìkọ́ kejì. Mo fa bíréèkì ọwọ́, àbúrò mi ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti fi òkúta há táyà ẹ̀yìn. Aago 11:38, epo ti kéré díẹ̀ sí ìdajì.

Láàárín ìṣẹ́jú méjì, mo ti fa okùn tó ti kọ́ìlì lọ sí dísíríbútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì yọ, mo ti ki pulọ́ọ̀gì tí mo dì dání bọ ẹnu rẹ̀, mo gbé e lé irin. "Yí i!" Iná ń ta pá, pá, pá, búlúù, ó hàn lójú ọ̀sán gangan. Iná tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú ni ká bẹ̀rù. Ọrùn kọ́ìlì mọ́. Tó bá jẹ́ pé mo ṣe èyí lánàá ní Ìkirè ni, owó kọ́ìlì ì bá ṣì wà lápò mi.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìdérí fítà afẹ́fẹ́, mo yọjú wo inú ọ̀fun kábúrétọ̀, mo sì fọwọ́ fa okùn iná tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń tẹ̀. Nígbà tí epo bá wà nínú abọ́ kábúrétọ̀, téèyàn bá fà á báyìí, epo á tú jáde fírí bí ìtọ̀ ọmọdé. Mo fà á. Òfo. Mo tún fà á. Gbígbẹ ni. Ẹ́ńjìnnì wa kò ṣàárẹ̀, ebi ló ń pa á. Oṣù méjì, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kìkì pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ kú gan-an.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan dúró, ó ní epo ló ń hó nínú pọ́ǹpù nítorí ooru, ká da omi sí i lórí. Àwọn awakọ̀ 504 láyé ọjọ́un mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Àwọn míì kì í kúrò nílé láìsí àkísà tútù. A tú omi ọlọ́ràá méjì sórí pọ́ǹpù, ọkọ̀ sì jí. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ṣùgbọ́n ṣé omi ló jí i ni, àbí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti kọjá? Nígbà tó tún kú kí a tó wọ Ẹ̀fọ̀n, mi ò jẹ́ kí wọ́n da omi kankan. A kàn jókòó. Ó jí nígbà tó máa ń jí. Omi kò ní ọwọ́ nínú ẹ̀.

Ìrì ti ń bo òkè. Màámi ní òun ò ní fi mọ́tò tó ń dákú kọjá níhìn-ín lálẹ́, òun ní ẹni tí wọ́n jọ kàwé ní Ẹ̀fọ̀n. Kí a tó jókòó tán ni mo ti ń gbọ́ ìró odó. Iyán yẹn, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, ó lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Ẹ̀fọ̀n sí Adó

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Màámi wá gbé wọn ní òwúrọ̀, torí àríyá kì í dúró de mọ́tò. Ó ku èmi àti àbúrò mi.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́: ìdérí táǹkì. Bí epo ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa rọ́pò rẹ̀. Tí ihò afẹ́fẹ́ bá dí, táǹkì á máa fa epo padà sínú bí ọmọ tó ń fẹnu fa afẹ́fẹ́ inú ìgò. Mo tú ìdérí sílẹ̀ díẹ̀, a gbéra. Ó kú lẹ́yìn Àrámọ̀kọ, aago 9:20. Mo ṣí ìdérí náà tán pátápátá, mo tẹ́tí: kò mí "fúùù" rárá. Ọrùn táǹkì mọ́, mo rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Àyẹ̀wò kejì ni mo ti ń bẹ̀rù láti Ìbàdàn. Mo yọ rọ́bà tó ti táǹkì wá lẹ́nu pọ́ǹpù, mo fi èèkàn igi dí i. Mo fi rọ́bà mítà méjì rọ́pò rẹ̀, mo ki ẹnu kejì bọ inú kẹ́ẹ̀gì tí lítà mẹ́rin wà nínú rẹ̀, a sì so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ìta, lẹ́bàá gíláàsì iwájú, jìnnà sí páìpù èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ẹ má sì ṣe é níbi tí ẹnikẹ́ni ti ń mu sìgá. Panápaná wà láàárín orúnkún àbúrò mi ní gbogbo ọ̀nà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀.

Ìgèdè. Ìyìn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń wá òkè kiri. Mo tẹ iná mọ́lẹ̀, ó fà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó fà bí ẹṣin. A wọ Adó láìwúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Pọ́ǹpù dára, kábúrétọ̀ dára, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dára. Ọ̀daràn wà lẹ́yìn ọkọ̀, láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

A dé ibi àríyá nígbà tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ mi ń rùn epo.

Ọjọ́ Àìkú: Adó

Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Lẹ́yìn ìsìn, Màámi bi mí pé ìgbà wo gan-an ni àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ní nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀. "Ìgbà tí epo wọ́n yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ìgbà tẹ́ ẹ lọ ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí mo ní kẹ́ ẹ dúró de ìlà?"

Mo ní, "Màámi, epo yẹn ti jó tán tipẹ́. A ti ra òmíràn tó ìgbà mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀."

"Epo ti jó," wọ́n ní. "Ṣé epo nìkan ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọjọ́ Ajé: Adó

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí wọ́n júwe fún wa ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó rí 504, ojú rẹ̀ tàn bí ẹni rí ọ̀rẹ́ ilé-ìwé. Ó ní òun ti ń tú u láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí tò ó, lọ́dún 1975, nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́. Mo ka ìwé kékeré mi sí i létí láti òkè dé ilẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìgbà tí mo parí ló béèrè ẹyọ kan: "Tó bá jí tán, ó máa ń lọ tó bí ìgbà wo kó tó tún kú?" Mo ní ó yàtọ̀, àmọ́ lórí òkè, kì í pẹ́.

"Ọmọ mi, ohun kan ń rìn nínú táǹkì yín."

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọn páìpù. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọn táyà fọn ọ́n láti iwájú, a sì ń gbọ́ bí epo ṣe ń hó gùdùgùdù nínú táǹkì lẹ́yìn. Páìpù là gbangba. Ọmọ iṣẹ́ náà ní, "Bàbá, ó mọ́." Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "O fọn án síta. Ṣé ẹ́ńjìnnì ń fọn ni, àbí ó ń fà?"

Wọ́n fa epo inú táǹkì jáde gba inú aṣọ funfun. Ìpẹtà díẹ̀, iyanrìn díẹ̀, kò ju ìkúnwọ́ ọmọdé lọ. Wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀. Bàbá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ títí, ó tẹ wáyà kan bí ìwọ̀ ẹja, ó ń wá a kiri ní ìsàlẹ̀, nítòsí ẹnu páìpù tó ń fa epo. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́. Ó tún fà á. Ohun dúdú kan tẹ̀ lé wáyà jáde, ó ń kán tó, tó.

Ọ̀rá ni. Ọ̀rá dúdú, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ̀gbẹ́ kan ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bàbá nà án sórí àkísà, ó fi ìka tọ ojú kan fún mi: àmì róbótó kan wà láàárín rẹ̀, ó jinlẹ̀ bí àmì òrùka lára ìka. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Àwọn tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa ń ta ọ̀rá sẹ́nu kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó dé e, kó má baà jò. Ẹni tó tà á fún wa ṣí i pẹ̀lú ìwàǹwára, ó ya, èyí tó kù sì bá epo gba inú àrọ wọlé.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé ọ̀rá máa ń léfòó, kí ló gbé e dé ìsàlẹ̀? Bàbá kò jiyàn. Ó gé ìgò oníke méjì, ó bu omi sínú ọ̀kan, ó bu epo sínú èkejì. Ó gé ọ̀rá náà díẹ̀ sínú omi: ó léfòó. Ó mú un, ó nù ún, ó jù ú sínú epo. Ó rì wọ̀ọ̀, ó sùn sísàlẹ̀. Epo fúyẹ́ ju ọ̀rá lọ, omi ló wúwo jù ú. Ọgọ́ta ọdún ó dín díẹ̀ ni mo ti lò láyé, mo sì ń mu omi inú ọ̀rá àti ìgò, mi ò rò ó rí.

A jókòó lórí bẹ́ńṣì, a ṣí ìwé kékeré náà, gbogbo rẹ̀ sì bá ara mu. Nínú ìgboro, epo tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè kéré, ìfà náà kò lágbára tó láti gbé ọ̀rá. Lórí eré tàbí lórí òkè, ìfà náà lágbára, ọ̀rá á rọra sún mọ́ ẹnu páìpù, á sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n fi bo ẹnu. Abọ́ kábúrétọ̀ á gbẹ, ọkọ̀ á kú. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kò sí ìfà mọ́, ọ̀rá á já bọ́. Èyí tá à ń pè ní ìsinmi, ọ̀rá ló ń sinmi. Fífọn tí wọ́n fọn ọ́n, ńṣe ló tì í kúrò lẹ́nu páìpù, ó sì dà bíi pé ọ̀nà là.

Bàbá gba owó iṣẹ́ tó kéré sí owó kọ́ìlì Ifẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n mú ọ̀rá náà dání. Ó ní kí n fi han mẹkáníìkì Ìbàdàn, àmọ́ kí n má fi bú u.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Adó sí Ìbàdàn

Òkè Ẹ̀fọ̀n, àgùnlọ àti sísọ̀kalẹ̀, ìwúkọ́ òdo. Màámi sùn láti Iléṣà.

Wọ́n jí ní Ìkirè, wọ́n ní ká dúró, dòdò ọjọ́bọ̀ dùn. Àbúrò mi pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n rà á tán, tí wọ́n wọlé, èmi àti ẹ̀ wo ara wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Màámi ní, "Kí lẹ̀ ń wò?" Àbúrò mi yí i. Ó jí.

Aago 3:40 la wọlé. Kọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú búùtù. Màá dá a padà sáyè rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, kí tokunbọ̀ di àfikún.